Mo Ti Fèrèsé Mọ́ Dókítà Tibamwenda

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti fáìlì kiri ni wọ́n ní kí n máa dúró sí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ̀ ọ́n. Bí Dókítà Tibamwenda bá ń yẹ àwọn aláìsàn wò láàárọ̀, òun ló máa ń ṣíwájú. Àwọn dókítà kéékèèké á tò tẹ̀ lé e, àwọn nọ́ọ̀sì á tẹ̀ lé wọn, kẹ̀kẹ́ fáìlì á tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì, èmi apòògùn á wá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ibẹ̀, ìpàkọ́ èèyàn nìkan ni mo máa ń rí. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan wà nílẹ̀, ọ̀gá dókítà á pariwo láìbojú wẹ̀yìn pé, “Fèrèsé! Ṣé ó wà?” Màá ní ó wà, tàbí kí n ní kò sí. Iṣẹ́ mi tán nìyẹn.

Òun ló sọ àwa apòògùn ní Fèrèsé, torí pé ojú fèrèsé la ti máa ń gbé oògùn fún èèyàn nísàlẹ̀. Àwọn dókítà kéékèèké gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ náà gbà á lẹ́nu wọn.

Mo ti gboyè apòògùn, mo sì ti ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé yẹn fún ọdún mélòó kan, kí ìjọba tó ní kí àwa kan padà lọ kọ́ṣẹ́ sí i nínú wọ́ọ̀dù, lẹ́bàá aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe máa ń kọ́ṣẹ́ àgbà tiwọn. Àwa la kọ́kọ́ ṣe é ní Fort Portal, ní ilẹ̀ Tooro ní Uganda. Mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti sá lọ sí Kampala lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn. Èkejì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá èèyàn lò. Èmi ni wọ́n gbé fún Tibamwenda.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Tó bá gbé etí lé àyà èèyàn, ohun tó máa sọ fún ọ, ẹ̀rọ á kàn wá jẹ́rìí sí i ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè kó tó padà wálé, ó sì fòfin de empaako nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní Tooro! Níbi tí èèyàn kì í ti í kí èèyàn láìkọ́kọ́ béèrè empaako rẹ̀, oríkì tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Komuhendo lorúkọ mi, Adyeri ni empaako tèmi. Tí o bá ti fi empaako pe ẹnì kan, ìdajì ìbínú rẹ ti lọ nìyẹn, o ò tún lè bú u dáadáa mọ́. Mo rò pé ohun tí Tibamwenda ń sá fún gan-an nìyẹn. “Níbí, Dókítà ni mí,” ló wí. “Ẹ lọ máa fi empaako kí ara yín nílé.” Sístà Ateenyi nìkan, ìyá tó ń darí àwọn nọ́ọ̀sì, ni òfin náà ò mú. Ó ní empaako òun lòun ń jẹ́, ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn pe òun, etí òun kì í gbọ́. Wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò gbọ́ lóòótọ́.

Obìnrin tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Tibamwenda ń jẹ́ Kabahenda, empaako rẹ̀ ni Abwoli. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ní, lábúlé kan lẹ́yìn Kyegegwa. Àìsàn kan tó ṣe é ní kékeré ló ba ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀ ní Kampala. Bí wọ́ọ̀dù bá dákẹ́, tí o bá jókòó tì í, wàá máa gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń dún bí aago ọwọ́. Ẹni tó bá ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ irin náà, á sì pa á. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn níbi tí kò yẹ, nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ, ìyẹn náà á sì pa á.

Ìgbà tó yá, ikọ́ ẹ̀gbẹ tún mú un. Oògùn pupa kan wà tí wọ́n máa ń fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tó máa ń sọ ìtọ̀ èèyàn di pupa. Oògùn yẹn ní ìwà kan: ó máa ń mú kí ara tètè run oògùn mìíràn. Bó ṣe wọ inú Abwoli, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, débi pé wọ́n gbé ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ náà sókè, wọ́n tún gbé e sókè, títí ó fi ju ìlọ́po méjì lọ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó rí bó ṣe yẹ. Èyí tọ̀nà. Tibamwenda ló ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n Abwoli ti parí oògùn ikọ́ báyìí. Ibà ló gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa, ibẹ̀ ló sì ti gbé èyí tó kẹ́yìn mì. Lọ́dọ̀ wa, ijó ni wọ́n máa ń bá ẹni tó bá parí oògùn ikọ́ jó. Sístà Ateenyi kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ, wọ́n hó yèè bí ìgbà tí ìyàwó wọlé, àwọn tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì dìde. Èmi náà jó. Àárín ijó yẹn ni mo dúró gbagidi. Alájẹkì ti jáde nílé o, ta ló wá máa dín oúnjẹ kù?

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló máa ń rántí láti jó fún oògùn tó parí. Kò sí ẹni tó ń bojú wo oògùn tó ṣẹ́kù.

Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n dín oògùn ẹ̀jẹ̀ Abwoli kù, sínú ìwé pélébé aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní kí àwa apòògùn máa kọ èrò wa sí. Ẹ̀yìn fáìlì ni wọ́n máa ń há ìwé yẹn sí. Mo ti bá ọ̀kan rí lábẹ́ ife tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Abwoli máa lọ sílé, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé, nọ́ńbà kan tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ dì, tó sì máa ń gòkè bó bá fẹ́ ṣàn jù. Tibamwenda gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo nǹkan! Ààrin gbùngbùn ló bọ́ sí. Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dára ju tèmi lọ. Ẹ máa lọ sílé. Ìwọ̀n oògùn kan náà ni o. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù méjì.”

Abwoli pàtẹ́wọ́, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà,” ni mo wí láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. “Ẹ má jẹ́ kó gbé ìwọ̀n yẹn lọ.”

“Ta ló sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Fèrèsé. Ṣé oògùn náà ti tán ni?”

“Kò tán, sà. Ó pọ̀ jù ni.”

Wọ́n yíjú padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí iwájú orí wọn níbẹ̀.

“Nọ́ńbà tòní ńkọ́?” ni Tibamwenda bi mí. “Ṣé ó dára àbí kò dára?”

“Ó dára, sà.”

“Ó dára! Ẹ gbọ́ o. Ó ní ó dára, ó wá fẹ́ kí n bà á jẹ́.” Àwọn dókítà kéékèèké rẹ́rìn-ín.

“Oògùn ikọ́ ló ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú nọ́ńbà tòní, sà. Agbára rẹ̀ ò tíì tán lára. Tó bá tán, ìwọ̀n tí màmá ń lò yìí, ti ẹni méjì ni, ẹnì kan ló sì máa wà nílé. Kí oṣù méjì yín tó pé, ẹ̀jẹ̀ á ti máa dà nímú wọn.”

“Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà,” ni Tibamwenda wí, “kò lè ní àkísà tó ti àgbà.”

“Àkísà kọ́ ni mo gbé wá, sà. Oògùn ni.”

Ẹ̀rín náà gbẹ. Sístà Ateenyi wúkọ́. Tibamwenda yí kẹ̀kẹ́ náà po, ó wá dúró níwájú mi, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

“Tí mo bá dín in kù, tí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin yẹn, tó ṣubú sínú oko ní Kyegegwa, ṣé Fèrèsé ló máa lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀?”

Ìyẹn bà mí níbi tó dùn mí. Kò purọ́. “A lè dín in kù díẹ̀díẹ̀, sà, ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò—”

“Ní abúlé? Kí la máa fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ojú màlúù?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó kọ ìwé oògùn náà, ó fọwọ́ sí i, wọ́n kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Kí n tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé síwájú mi. Ọ̀gbẹ́ni Kusemererwa, ọ̀gá wa àwọn apòògùn, ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ orí ba ni.

“Adyeri, mo gbọ́ pé o ti di dókítà.”

“Rárá, sà. Apòògùn ni mí.”

“Ìdánwò rẹ ń bọ̀ lópin oṣù. Ta ló wà lára àwọn tó máa jókòó bi ọ́ ní ìbéèrè?”

“Dókítà Tibamwenda.”

“O kúkú mọ̀. Àlejò la jẹ́ nínú wọ́ọ̀dù, ọmọ mi. Tí wọ́n bá lé ọ, wọn ò ní sọ pé Komuhendo ni àwọn lé o. Wọ́n á ní apòògùn ò ṣe é mú wọ wọ́ọ̀dù. Ro ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Gbé e mì.”

“Sà, tó bá jẹ́ pé ẹni tó lè panu mọ́ nìkan ni ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù yẹn ṣí fún, kí wọ́n kúkú tì í.”

“Ẹnu rẹ máa pa ọ́.”

“Kó pa èmi, kó fi Abwoli sílẹ̀.”

Mo lọ sójú fèrèsé. Mo ní kí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bọ́ sí fèrèsé kejì, mo kó gbogbo ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ náà sórí itan mi, mo jókòó. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ fèrèsé yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni tó wà nínú sọ̀rọ̀, àfi kó tẹ̀ ba. Àwọn èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń dúró de orúkọ wọn.

Abwoli dé tòun ti ẹrù rẹ̀ lórí. Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àbúrò rẹ̀ ti ń fọn fèrè ní ẹnu géètì. Ó tẹ̀ ba, ó na ìwé náà sí mi.

“Ìwọ tí o jà lókè nìyí. Tètè fún mi, ilé jìn.”

“Màmá, mi ò lè fún yín ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbí.”

“O ò lè ṣe kí ni?”

“Mi ò ní fún yín.”

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ gbì. “Ẹ wá gbọ́ o! Dókítà ní kí wọ́n fún mi, ọmọ kékeré ní òun ò fún mi!” Ó ti ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ inú ihò fèrèsé náà. “Wo ọwọ́ yìí. Ìgbà tí oògùn yìí wọ́n nílùú, tí mo ń pín in lò ní ìdajì ìdajì, ọwọ́ yìí kú mọ́ mi lára nínú oko. Ẹnu mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tí mo bí ló ń fi ṣíbí fún mi lóúnjẹ. Oògùn kékeré ló ṣe mí báyẹn. Ìwọ náà wá fẹ́ fún mi ní kékeré?”

Bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn ní, “Fún un lóògùn rẹ̀, jàre! Ọmọ àná!”

Mo di ọwọ́ tó wà nínú fèrèsé náà mú. Ó gbóná, ó sì le koko bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe máa ń le.

“Màmá, tí àlejò kan bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, tó jẹ́ alájẹkì, ṣé ìwọ̀n òkèlè káró tí ẹ máa ń rò tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa rò?”

“Ṣé orí mi dàrú ni? Màá ro púpọ̀.”

“Oògùn ikọ́ ni àlejò yẹn. Ó ti lọ. Ẹ jó nígbà tó lọ, èmi náà bá yín jó. Ẹ wá ṣì ń ro tẹni méjì, ẹ̀yin nìkan lẹ sì máa jẹ ẹ́. Kí ló máa ṣe ikùn yín?”

Ó yíjú sí géètì. Ọkọ̀ tún fọn fèrè.

“Dókítà ò mọ̀ ni?”

“Ó mọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ló yàtọ̀ sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù.”

Ó wò mí títí. Kò tíì yọ ọwọ́ rẹ̀. “Kí ni empaako rẹ?”

“Adyeri.”

“Adyeri. Tó bá jẹ́ ìyá tó bí ọ ló dúró síbí, ṣé wàá ti fèrèsé mọ́ ọn?”

“Màá tì í, màá tún fi àgádágodo sí i.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì fẹ́ kó bọ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ké sí àbúrò rẹ̀ pé kó máa lọ. “Ó dáa. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n tí mo bá kú, Adyeri, tí òkú mi bá ń dààmú èèyàn, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo ti pákó fèrèsé náà pa. Mo mọ̀ pé Tibamwenda máa wá.

Ó sì wá. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà Tibamwenda ò wá sójú fèrèsé wa rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn yìí, ó máa ń rán èèyàn ni. Ó gbá pákó náà.

“Ṣí i!”

Mo ṣí i. Ọkùnrin gíga ni, ó ní láti ṣẹ́po méjì kó tó rí ojú mi.

“Ta ló fún ọ láṣẹ láti da ìwé mi nù?”

“Mi ò dà á nù, sà. Òun nìyí. Mi ò kàn ní fún un ni.”

“Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọ́!”

“Òfin tó fún yín ní báírò ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́, sà. Tí mo bá fi ọwọ́ mi gbé e fún wọn, tó sì pa wọ́n, ọwọ́ mi ló pa wọ́n.”

“Òní yìí ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ máa parí.”

“Kó parí, sà.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo di àwọn ìgò tó wà lórí itan mi mú. Ṣùgbọ́n mo ti fi àáké kọ́rí, ẹni tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tó máa gbé e sí. Mo gbé àwọn ìgò náà sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà lọ́dọ̀ wa. Fèrèsé yẹn rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi àti ojú rẹ̀ fi wá ṣe déédéé.

“Sà, láti ìgbà tí mo ti ń tọ̀ yín lẹ́yìn, mi ò tíì kí yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni empaako yín?”

Gbogbo bẹ́ǹṣì na ọrùn. Ẹni tí wọ́n bá bi ní empaako rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tí kò dáhùn, ó ti sọ fún gbogbo Tooro pé òun ò ní ilé. Tibamwenda la ẹnu, ó pa á dé.

“Dókítà, ọmọ ń kí yín o,” ni bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn wí.

“Ó ti pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀,” ni Abwoli wí.

Sístà Ateenyi ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ká apá mọ́ àyà lẹ́yìn rẹ̀. “Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n bá yín sọ ọ́?”

“Araali,” ni Tibamwenda wí. Kò pariwo rẹ̀.

“Araali, ẹ kú ọ̀sán, sà. Ilé ńkọ́?”

“Ilé wà.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà.”

“Màlúù ńkọ́?”

“Mi ò ní màlúù!” Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kí ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á láì jẹ́ pé òun ló fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mí kanlẹ̀. “Adyeri,” ló wí, “kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

Bí ẹnì kan bá ní mo fi ọgbọ́n mú un, mi ò ní jiyàn. Ẹni tí wọ́n há mọ́ inú fèrèsé, ohun tó bá bà lọ́wọ́ ló máa fi jà.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abwoli. Ó wá sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí òun náà ń kọ́ṣẹ́, ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn tó ní irú ilẹ̀kùn irin yìí. Ọ̀gá rẹ̀ dín oògùn ọmọ náà kù. Ẹ̀jẹ̀ dì, ọmọ náà kú, òun Tibamwenda ni wọ́n sì rán lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

“Láti ọjọ́ náà,” ló wí, “ọwọ́ mi kì í yá láti dín in kù.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n àánú yàtọ̀, oògùn yàtọ̀. Mi ò gbé ìgò kankan jáde.

“Araali, ọmọ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n dín in kù, ṣé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?”

“Ó ti lọ sílé. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù…” Ó dúró. Ó wo Abwoli, ó wo ìwé oògùn tó wà lọ́wọ́ mi. “Oṣù méjì,” ló wí.

Mo tẹ́ ìwé náà sójú fèrèsé níwájú rẹ̀.

“Kò gbọdọ̀ lọ sílé,” ló wá wí. “Tí a bá máa dín in kù, ìtòsí ibí ló gbọ́dọ̀ wà, ká lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra. Kò sì sí bẹ́ẹ̀dì. Màmá, ṣé ẹ ní èèyàn nílùú?”

“Mo ní,” ni Abwoli wí, ó sì nàka sí fèrèsé. “Ẹni tó mú oògùn mi dání ló máa bọ́ mi.”

Tibamwenda dìde. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ Sístà, ó tì í sínú fèrèsé. “Ìwọ kọ ọ́. Má kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé yẹn o. Inú fáìlì ni kí o kọ ọ́ sí, fi orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀, èmi náà á fi tèmi tì í. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, àwa méjèèjì la jọ máa lọ sí Kyegegwa.”

Báyìí ni Abwoli ṣe kó wá sí yàrá mi. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ó gba bẹ́ẹ̀dì, mo gba ilẹ̀. Ọjọ́ tó dé ló tọ́ firinda tí mo sè wò, ó ní, “Adyeri, ta ló kọ́ ọ ní èyí? Ẹ̀wà yìí ò ṣẹ̀ ọ́ o!” Láti ọjọ́ náà, òun ló ń dáná. Láràárọ̀, kó tó kí mi, á na ọwọ́ òsì sókè, á di ẹ̀ṣẹ́, á tú u. “Wò ó, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.” Èmi náà á dìde lórí ẹní, màá wo ọwọ́ náà ju bí mo ṣe ń wo ojú rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò kìíní jáde, nọ́ńbà náà sì lọ sílẹ̀. Kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbi tó yẹ. Tibamwenda gbé èsì náà síwájú mi. Ó fi ìka tẹ nọ́ńbà náà.

“Ṣé ká gbé e padà sókè?” ló bi mí.

Ọkàn mi ní kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká gbé e padà, kí gbogbo èèyàn lè sùn. “Rárá, Araali. Oògùn ikọ́ ò tíì kúrò tán ni. Ẹ jẹ́ ká mú sùúrù. Ó ń bọ̀ wá gòkè.”

“Tí kò bá gòkè?”

“Orúkọ mi wà nínú fáìlì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abwoli di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó ní, “Ẹ̀rù ń bà ọ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dáa. Èmi rò pé èmi nìkan ni,” ó sì lọ gbé omi tíì kaná.

Àyẹ̀wò kejì, nọ́ńbà náà padà sí ibi tó yẹ. Ẹ̀kẹta, ó ti gun òkè dé bèbè, bẹ́ẹ̀ oògùn tí a ti dín kù náà ló ń lò. A tún dín in kù. Nínú wọ́ọ̀dù, dókítà kékeré kan ń ka èsì náà sókè, ó ní, “Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ ló gbé lọ sílé…” Kò parí rẹ̀. Tibamwenda ti kọjú sí ojú wíńdò, ó ń wo òjò tó ń bọ̀ látorí òkè Rwenzori.

Ìgbà tí nọ́ńbà náà dúró sójú kan, Abwoli di ẹrù rẹ̀. Ó tẹ̀ ba lójú fèrèsé, mo fún un ní oògùn rẹ̀, ìwọ̀n tó tó ẹnì kan jẹ, mo sì sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà wá fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

“Mi ò kú o, Adyeri,” ló wí. “Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.”

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gbẹ́ni Kusemererwa ti fi gbogbo àárọ̀ bẹ̀ mí. Ó ní kí n ṣáà tọrọ àforíjì lórí fèrèsé tí mo tì, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ní dá egbò sí mi lára. Obìnrin kan tó wá láti Kampala ló ṣe alága, Tibamwenda jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, Kusemererwa lápá òsì. Wọ́n bi mí ní oògùn, mo dáhùn. Alága wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

“A gbọ́ pé o ti fèrèsé mọ́ ọ̀gá dókítà. Òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, mà.”

“Inú aláìsàn náà dùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ṣẹ́ tuntun la fẹ́ gbé dúró. A fẹ́ kó o ṣèlérí fún wa pé irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.”

Kusemererwa ń mi orí sí mi pé kí n gbà, kí n gbà. Kí n tó fọhùn, Tibamwenda gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ jẹ́ kí èmi bi í. Tí mo bá tún kọ irú ìwé yẹn lọ́la ńkọ́?”

“Màá tún tì í, sà.”

Kusemererwa di ojú. Tibamwenda kọ ‘Ó yege’ sórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó dé báírò rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ alága. Obìnrin náà kà á, ó wo ojú Tibamwenda, ó tún kà á, ó sì fọwọ́ sí i.

“Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ti jìn jù,” ni Tibamwenda sọ fún mi. “Láti ọ̀la, Adyeri, wá dúró níbi tí mo ti lè máa gbọ́ ọ.”

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì dé ẹnu ọ̀nà kí n tó dáhùn.

“Ibi yòówù kí n dúró sí, Araali, ẹ máa gbọ́ mi.”